Eré Àsápajúdé: Bí A Ṣe Kọ́ Láti Fi Ẹ̀sọ̀ Mú Kọ̀ǹpútà Sáré ní Tchaourou

Ohun tí a sábà máa ń kà ní ojú ewé Yorùbá yìí ni ọ̀rọ̀ nípa ohùn, ẹ̀ka èdè àti gírámà. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a gbé wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé a ti kúrò nídìí iṣẹ́ wa, nítorí pé ohùn ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé: ohùn ìyá àgbà wa, tí a sọ apá kan rẹ̀ nù nítorí pé a ń kánjú.

Àwa méjì tí a kọ ìwé yìí, ọmọ ilé kan náà ni wá ní Tchaourou, ní ẹkùn Borgou ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọmọ ìyá ni àwọn bàbá wa. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Cotonou lọ sí Parakou rí yóò ti gba ìlú wa kọjá: tí ènìyàn bá ti kúrò ní Savè, tó sì ti kọjá Kilibo, òun náà ló kàn. Nínú ilé, èdè tiwa ni à ń sọ, èyí tí àwọn ìjọba ń pè ní Nago. Ní ọjà, a ń gbọ́ Ìbàrìbá àti Fúlàní. Ní ilé ẹ̀kọ́, Faransé ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ibi bẹ́ẹ̀ jẹ́ oko ọlọ́rọ̀ fún ọmọ Lìǹgúísíìkì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí a wà nílé fún ìsinmi, a yá ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, a sì jókòó ti ìyá àgbà wa. Ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sọ àlọ́ fún wa, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nígbà èwe wọn, wọ́n sọ orúkọ gbogbo oríṣi iṣu tí bàbá wọn ń gbìn. Ohùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni a gbà sílẹ̀. A kó wọn sínú kọ̀ǹpútà wa, a nu ẹ̀rọ náà mọ́, a dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ìyá àgbà wa papòdà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Báyìí ni àwọn ohùn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà ṣe di ohun tí owó kò lè rà. Inú háàdì dísìkì kan ṣoṣo ni wọ́n sì wà.

Kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni, a rà á ní ìdajì ní ìdajì, a sì tò ó pọ̀ fúnra wa. Ọpọlọ rẹ̀ ni Intel Core i5-2500K, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011. Lẹ́tà K tó gbẹ̀yìn orúkọ yẹn ṣe pàtàkì, a ó sì padà sórí rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ni pé kí Praat, sọ́fíwià tí Paul Boersma àti David Weenink ti Yunifásítì Amsterdam ṣe, wọn ìró ohùn nínú gbogbo fáìlì náà, kí a lè rí bí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń lọ. Iṣẹ́ náà ń pẹ́. Oṣù kẹta ni, oòrùn ń mú, iná ń lọ ó ń bọ̀, ọjọ́ tí olùkọ́ wa dá fún wa sì ti ń sún mọ́lé. Ni ẹnìkan bá sọ fún wa pé ọpọlọ tó ní K yìí ṣeé fi ipá mú sáré. Inú wa dùn. A kò bèèrè ìbéèrè kejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí à ń sọ. Nínú kọ̀ǹpútà, aago kan wà tó ń lù bí ìlù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà sì ń gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní orí kọ̀ǹpútà tiwa, ìlù ìpìlẹ̀ náà jẹ́ 100 MHz. Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Tí nọ́ńbà náà bá jẹ́ 33, 100 lọ́nà 33 yóò fún wa ní 3,300 MHz, ìyẹn 3.3 GHz, iye tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara rẹ̀. Ẹni tó bá gbé 33 kúrò tó fi 40 síbẹ̀ ti mú kí ijó yá ju bí ilé iṣẹ́ ṣe sọ lọ. Èyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní overclocking, tí Faransé ń pè ní surcadençage. Àwa ń pè é ní ìfipásáré láàárín ara wa. Ẹ ti rí mọ́fíìmù inú rẹ̀: ì, fi, ipá, sáré. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ sí olóòtú.

Kí ló dé tí ó fi ṣeé ṣe? Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà wa. Wọ́n ń ṣà á sí òkìtì òkìtì, olówó ńlá lọ́tọ̀, olówó kékeré lọ́tọ̀. Ẹni tó bá mọ iṣu wò lè rí èyí tó dára gan-an nínú òkìtì olówó kékeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà: wọ́n ń ṣe é pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń dán an wò, wọ́n ń pín in sí ìsọ̀rí, wọ́n sì ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà kùnà lọ́wọ́ oníbàárà. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni Celeron 300A ti ọdún 1998. 300 MHz ni wọ́n tà á, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn gbé ìlù ìpìlẹ̀ rẹ̀ kúrò ní 66 sí 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sáré ní 450 láìsí wàhálà. Ìdajì ni wọ́n fi kún un, wọn kò sì san kọ́bọ̀ lé e.

Ìtàn bí èyí ni ó wọ̀ wá lórí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a wọ inú BIOS, a fò láti 33 sí 45 lẹ́ẹ̀kan náà, a sì fi ọ̀rọ̀ fóltéèjì sílẹ̀ fún mọ́dábọ́ọ̀dù pé kó yan èyí tó bá wù ú. Kọ̀ǹpútà tàn. A pariwo ayọ̀. Àbúrò wa kékeré kan tiẹ̀ jó. A ṣí Praat, a sì ní kí ó nu ariwo kúrò nínú gbogbo ohùn náà, kí ó wọn wọ́n, kí ó sì tọ́jú fáìlì tuntun sórí ti àtijọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: sórí ti àtijọ́. Àṣìṣe wa kejì nìyẹn.

Láàárín iṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó sì pa ara rẹ̀. Nígbà tí a tún un tàn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dá nọ́ńbà náà padà tí a sì rí inú rẹ̀, fáìlì mọ́kànlá ti bàjẹ́. Òmíràn ṣófo. Òmíràn ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí rédíò tí kò mú ìkànnì, a kò sì gbọ́ ohùn ìyá àgbà nínú rẹ̀ mọ́. Àwa méjì jókòó, a kò lè wo ojú ara wa.

Ohun tó dùn wá jù ni ìṣirò tí a ṣe lẹ́yìn náà. Ọpọlọ i5-2500K ń fúnra rẹ̀ sáré dé 3.7 GHz tó bá jẹ́ pé apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ Praat tí à ń ṣe sì ń lo apá kan ṣoṣo. Nítorí náà, láti 3.7 sí 4.5 ni a ń lọ, kì í ṣe láti 3.3. Iṣẹ́ tó ń gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú yóò wá gba nǹkan bí 49. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá nínú wákàtí kan! Tí a bá ti sùn díẹ̀ tí a sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú, a kì bá má tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

A gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún wọn ṣe ní Parakou. A rò pé wọn yóò bá wa wí. Wọn kò bá wa wí. Wọ́n ṣí i, wọ́n fẹ́ eruku ọyẹ́ jáde, ó gbára jọ lórí fáànù bí aṣọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin àbúrò mi, àbí ẹ kì í wo àwọn Ìbàrìbá nígbà ọdún Gààní? Ẹni tó bá ń gun ẹṣin a máa wo òógùn ara rẹ̀. Èyí tí ẹ gùn yìí, ẹ ò wo òógùn rẹ̀, ẹ ò fún un lómi, ẹ ṣáà ń nà án."

Ọwọ́ wọn ni a ti kọ́ ohun tí a fẹ́ sọ fún yín yìí. Lẹ́yìn náà ni a tún un ṣe bó ṣe yẹ, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ẹ kó ẹrù yín kúrò nílé kí ẹ tó dáná. Ohunkóhun tí ẹ kò bá fẹ́ sọ nù, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ohun tí kò sí lára kọ̀ǹpútà náà rárá. Kọ̀ǹpútà tó ń sáré ju agbára rẹ̀ lọ kì í fi gbogbo ìgbà kú. Nígbà mìíràn, á máa ṣiṣẹ́ lọ, á kàn máa ṣe ìṣirò tí kò tọ̀nà, á sì kọ àṣìṣe náà sínú fáìlì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí burú ju kíkú lọ.

Èkejì, ẹ wádìí bóyá tiyín tilẹ̀ ṣeé mú sáré. Láti ọdún 2011, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọpọlọ Intel tí kò ní K lórúkọ ni wọ́n ti nọ́ńbà rẹ̀ pa. Ní ti AMD, àwọn Ryzen orí tábìlì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ní X3D lórúkọ ní òfin tiwọn, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Mọ́dábọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ gbà á. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tó kún ọjà wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ibi tí ẹ ó ti yí nọ́ńbà náà rárá. Tí tiyín bá jẹ́ irú èyí, ẹ fi owó yín ra háàdì dísìkì SSD tàbí RAM sí i. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ti ìfipásáré lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo òógùn ẹṣin. Ẹ fẹ́ eruku kúrò, ẹ nu ọ̀rá àtijọ́ tó ti gbẹ láàárín ọpọlọ àti irin tó ń gba ooru, ẹ fi tuntun díẹ̀ sí i. Ẹ wá lo Core Temp tàbí irú rẹ̀ láti wo ìwọ̀n ooru nígbà tí ẹ kò tíì yí nǹkan kan padà. Ní yàrá wa, ooru ọ̀sán oṣù kẹta jẹ́ 36. Fáànù kò lè mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Ẹni tó wà nínú yàrá oníwọ̀n 20 ní ilẹ̀ òyìnbó ti fi iwọ̀n 16 ṣáájú wa kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ bá kà pé ẹnìkan ní Jámánì lò, ẹ má kàn dà á kọ. Kí a tó fẹ́ eruku, tiwa ń dé 84 láìtíì fi ipá mú un. Lẹ́yìn tí a fẹ́ ẹ, ó wá sí 69. Nígbà tí ooru bá sún mọ́ 100, ọpọlọ náà yóò fúnra rẹ̀ dín eré kù kí ó má baà jóná, gbogbo làálàá yín á sì di asán. Àwa fi 80 ṣe ààlà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ di fóltéèjì mú lọ́wọ́ ara yín. Ibí ni ewu gan-an wà. Agbára iná tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń jẹ máa ń pọ̀ sí i bí eré bá ṣe pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ní ti fóltéèjì, ẹ ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e láti 1.20 sí 1.40, tí ẹ sì gbé eré láti 3.4 sí 4.5, iná tó ń jẹ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí a fi yíyàn sílẹ̀ fún mọ́dábọ́ọ̀dù, 1.41 ló yàn fún wa. Ẹ sì má rò pé tòkunbọ̀ nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní ọdún 2024, Intel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn kan nínú ọpọlọ orí tábìlì ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí fóltéèjì tó ga jù, ó sì gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Àtúnṣe ọ̀hún ń dáàbò bo èyí tó ṣì dára, kò lè wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gun àkàbà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà náà, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ fi Prime95 dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa wo ooru. Prime95 ni sọ́fíwià tí wọ́n fi ń wá àwọn nọ́ńbà ńláńlá kan nínú ìmọ̀ ìṣirò, ìdáhùn tó yẹ kó rí ti wà nílẹ̀, nítorí náà ó máa ń mọ̀ tí ọpọlọ bá ṣi ìṣirò ṣe. Tó bá yege, ẹ fi ẹyọ kan kún un. Tó bá kùnà, ẹ padà sẹ́yìn ní ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ sì jẹ́ kó sáré mọ́jú kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ fi Memtest86+ wo RAM náà lọ́tọ̀, kí ẹ má baà fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan jẹ ẹlòmíràn níyà. Ní nọ́ńbà 45 tí a fi ń yọ̀ níjọ́sí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni Prime95 fi rí àṣìṣe. Ìyẹn ni pé a kì bá ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ká ní a dán an wò kí a tó kó ohùn ìyá àgbà lé e lórí.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má gbàgbé iná wa. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń fi ipá mú ẹ̀rọ sáré. Ẹ lo rẹ̀gúlátọ̀, kí ẹ sì ní UPS tí agbára yín bá gbé e. Ẹ má ṣe fi BIOS tuntun sórí mọ́dábọ́ọ̀dù láìsí UPS láéláé: tí iná bá lọ láàárín rẹ̀, ó lè di òkúta sí yín lọ́wọ́. Pawa sọ́pulàì tó ń gbé iná wọ inú kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ayédèrú. Tí kọ̀ǹpútà bá sì kọ̀ láti tàn lẹ́yìn tí ẹ yí nọ́ńbà, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ bátìrì kékeré inú mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ẹ dá a padà. BIOS yóò gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún un.

Níkẹyìn, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn tó ń fi èyí ṣe eré ìdárayá mú Core i9-13900K kọjá 9 GHz, ṣùgbọ́n helium olómi ni wọ́n fi ń mú un tutù, fún ìgbà díẹ̀ péré. Kò sí ẹni tó ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwa dúró ní 40, ìyẹn 4.0 GHz, pẹ̀lú 1.25 fóltì. Ooru rẹ̀ kò kọjá 76 ní ọ̀sán gangan. Iṣẹ́ Praat tó ń gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú ń gba nǹkan bí 55. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èrè wa. A kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n a kò tún lè kú nítorí rẹ̀.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn fáìlì mọ́kànlá náà. Nígbà ìsìnkú, ọ̀kan nínú wa ti fi díẹ̀ nínú ohùn ìyá àgbà ránṣẹ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí nípa fóònù, ní MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀. A lọ láti ilé dé ilé, a ń bẹ àwọn àǹtí àti bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n wo inú fóònù wọn. Mẹ́fà ni a rí. MP3 kò dára fún ẹni tó fẹ́ wọn fáwẹ́lì ní àwọ̀fín, ṣùgbọ́n lílọ sókè àti sódò ohùn ṣì wà níbẹ̀, ó sì ṣeé wọ̀n. Lára ohun tí a fẹ́ yọ owó mọ́, ìyẹn fífi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ni a ti rí ìgbàlà. Márùn-ún tó kù ti lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ti ka orúkọ gbogbo iṣu. A ti gbìyànjú láti bi àwọn àgbà mìíràn léèrè, wọ́n sì ń dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan wà tí a rántí pé ìyá àgbà pè, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè fún wa láti ìgbà náà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. A ti ń kọ òwe yẹn sínú àròkọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ohùn àgbà kan nínú kọ̀ǹpútà yín lónìí, kí ẹ tó ṣí ojú ewé tó kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó dìgbà kan ná.